Labayímí, Kòkòrò Tí Mo Fi Gúlù Bí

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kì í gbọ́ ètò yìí àfi tí wọ́n bá há sínú gòsílóò. Ẹ̀yin tí dátà yín kò gbé ohùn, tí ẹ ń kà á dípò kí ẹ gbọ́ ọ, ẹ káàbọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò dín kù. Ìjẹ́wọ́ ni mo bá wá lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dé ìdí.

Bóyá fọ́tò kòkòrò kan dé gúrúùpù yín lórí WhatsApp. Ó ní ìyẹ́ labalábá, ẹsẹ̀ tata, ojú ràgàjì bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí owó rẹ̀ gbé, àti ìrù tó tẹ̀ bíi ti àkéekèé. Wọ́n ní inú ẹ̀fọ́ ló ń gbé, pé tó bá ta èèyàn, ìṣẹ́jú méjì péré ni. Èmi ni mo ṣe é. N kò ní mo rí i o. Mo ní mo ṣe é, lórí tábìlì oúnjẹ wa ní Ìkòròdú, pẹ̀lú gúlù tí wọ́n fi ń lẹ irun ojú.

Ìparí oṣù keje ni. Ilé ìwé ti gba ìsinmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá sọ́dọ̀ wa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá ti gbé pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án rí mọ̀ pé bí wọ́n bá ti mú iná lọ, tí tábúlẹ́ẹ̀tì sì kú, ilé di ọgbà ẹ̀wọ̀n, ìwọ gan-an lo sì máa di wọ́dà. A ní gílóòbù kan lẹ́nu ọ̀nà tó ń gba agbára látinú oòrùn, ó máa ń tàn mọ́jú. Bí òjò bá rọ̀ nírọ̀lẹ́, gbogbo kòkòrò àdúgbò ló máa ń wá ṣe ìpàdé lábẹ́ rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, a máa bá òkú àwọn kan nílẹ̀. Àwa a máa gbá wọn dànù, ṣùgbọ́n ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n sínú ike bọ́tà tó ṣófo. Yímíyímí, tata, lámilámi kan tí ìyẹ́ rẹ̀ ti ya, aáyán. Ti aáyán kò ṣọ̀wọ́n nílé wa, ẹ má dá mi lóhùn. Ó tún rí òkú labalábá kan nínú òwú aláǹtakùn lẹ́yìn ilé. A kò pa ìkankan nínú wọn o.

Lọ́jọ́ kan ó gbé ike náà wá bá mi níbi tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa sùn.

"Àńkù, ṣé labalábá lè fẹ́ yímíyímí, kí wọ́n bímọ?"

Mo ní rárá. Mo fi ìbaaka ṣàlàyé fún un: ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lè bí ìbaaka nítorí pé mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ra ni wọ́n, síbẹ̀ ìbaaka fúnra rẹ̀ kì í sábà bímọ. Ti yímíyímí àti labalábá yàtọ̀ pátápátá. Ó ti lé ní 200 mílíọ̀nù ọdún tí ìran àwọn méjèèjì ti yà kúrò lára ara wọn. Kò sí alárinà tó lè so irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀.

Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Gúlù ńkọ́?"

Bí gbogbo ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà wá. Ohun àkọ́kọ́ tí a kọ́ ni pé kòkòrò tó ti gbẹ kì í gba ìtọ́sọ́nà. Kí ẹ ní kí ẹ kàn tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí, pá, ó ti dá. A ba yímíyímí méjì jẹ́ kí n tó lọ ka bí àwọn tó ń tọ́jú kòkòrò ní mùsíọ́mù ṣe ń ṣe é. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá ọ̀rinrin padà sí i lára ni. Ẹ tẹ́ tíṣù tó tutù sí ìsàlẹ̀ ike, ẹ kán Dettol díẹ̀ sí i kí ó má bàa bu, ẹ gbé ìdérí ìgò lé tíṣù náà lórí, kí ẹ wá kó kòkòrò sórí ìdérí yẹn kí omi má baà kàn án. Ẹ dé ike náà pinpin fún ọjọ́ méjì. Tí ẹ bá fi máa ṣí i, oríkèé rẹ̀ á ti rọ̀, ẹ máa lè ṣí ẹsẹ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń ṣí agboòrùn.

Ọmọ bàbá kékeré mi tó ń ṣe iṣẹ́ èékánná àti irun ojú ló yá wa ní irinṣẹ́. Ó fún wa ní ẹ̀mú tín-ín-rín tó fi ń to irun ojú fáwọn ìyàwó tuntun, ó sì kìlọ̀ pé tí òun bá gbóòórùn aáyán lára rẹ̀, èmi ni màá ra òmíràn. Ó gbóòórùn aáyán lára rẹ̀. Mo ra òmíràn.

Súpà gúlù ni a kọ́kọ́ lò, ó sì já wa kulẹ̀. Gúlù yẹn máa ń yọ èéfín bó ṣe ń gbẹ, èéfín náà á wá fi nǹkan funfun bí eérú sílẹ̀ lára ohunkóhun tó bá dúdú. Yímíyímí wa tó ń dán gbinrin tẹ́lẹ̀ wá dà bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò fi ìpara para lásìkò ọyẹ́. Ìgbà yẹn ni a yí padà sí gúlù irun ojú. Ó pẹ́ kí ó tó gbẹ, ṣùgbọ́n tó bá ti gbẹ, ojú kò lè rí i mọ́.

A ki píìnì bọ yímíyímí náà, a gún un mọ́ fóòmù funfun tó wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni wọ́n máa ń gún irú kòkòrò yẹn, wọn kì í gún un láàárín, kí ẹ̀gbẹ́ kejì lè wà lódindi fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. A yọ orí rẹ̀, a fi orí lámilámi rọ́pò, nítorí ojú lámilámi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo orí rẹ̀ tán. A fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tata méjì kún ẹsẹ̀ mẹ́fà tó ní. A gba irun gígùn méjì tí aáyán máa ń jù síwá sẹ́yìn, a lẹ̀ wọ́n mọ́ iwájú orí. Ìyẹ́ labalábá ló le jù. Ìyẹ̀fun tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ tí a bá mú labalábá, ìpẹ́ wẹ́wẹ́ ni, àwọn ìpẹ́ yẹn ló gbé àwọ̀ rẹ̀ dání. Tí ìka bá kàn án, àwọ̀ ti lọ. Èmi ń mí díẹ̀díẹ̀, ọmọ náà ń di ẹ̀mú mú bíi dókítà, ahọ́n rẹ̀ wà níta.

Nígbà tí a ṣe tán, ó wò ó, ó ní, "Kò lè ta èèyàn." Ẹjọ́ rẹ̀ tọ́. Mo wọ kíṣìnnì lọ. Lórí pákó tí a ti gé nǹkan ọbẹ̀, mo bá igi kékeré kan, èyí tí à ń já sọnù lórí ata rodo kí a tó lọ̀ ọ́. Ó ti gbẹ díẹ̀, ó sì tẹ̀ bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja. A fi kútẹ́ẹ̀sì dúdú kùn ún, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nídìí. Ẹ fi igi ata yẹn sọ́kàn o, a ṣì ń padà bọ̀ wá bá a.

Ọmọ náà ló sọ ọ́ lórúkọ. Labalábá àti yímíyímí: Labayímí.

Ohun kan tún kù. Mo ti kà pé lábẹ́ gbogbo kòkòrò tó wà ní mùsíọ́mù, ìwé pélébé kan máa ń wà lára píìnì náà: ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ tí wọ́n mú un, ẹni tó mú un. Bí kòkòrò bá rẹwà tó, tí kò bá ti ní ìwé yẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún onímọ̀ kankan. Mo sọ ọ́ fún ọmọ náà, ó sì gba ìwé, ó fi ọwọ́ wẹ́wẹ́ kọ ọ́: "Labayímí. Èmi àti Àńkù la fi gúlù ṣe é. Ìkòròdú." Ó tún ya ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Mo gbé Labayímí sórí ewé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kan kí ó lè dà bí ohun tó ń gbé inú igbó. Mo ya fọ́tò. Ìwé pélébé yẹn hàn nínú rẹ̀. Mo wò ó, mo ní ó ń ba fọ́tò jẹ́. Mo gé e kúrò. Mo gbé e sórí status mi, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Mo bá èyí lẹ́yìn ilé wa láàárọ̀ yìí. Ẹ gbà mí o."

Ẹ̀rín pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n bi í bóyá ó ti san owó ilé. Ẹlòmíràn ní òun ti kó kúrò ní Ìkòròdú nìyẹn. Ọmọ náà wo fóònù mi, ó ní, "Àńkù, ìwé wa dà?" Mo ní yóò ba eré jẹ́. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn padà sídìí katúùnù rẹ̀. Nígbà tó pé wákàtí mẹ́rìnlélógún, status náà pa rẹ́, mo sì gbàgbé.

Ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Ní Ọjọ́bọ̀, Labayímí padà wálé.

Inú gúrúùpù ẹbí wa ló wọlé sí, láti ọwọ́ ìyá àgbà kan tí kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà mi. Ó ní ọfà méjì lórí. Ẹ mọ àmì yẹn: ọfà méjì túmọ̀ sí pé wọ́n ti fi ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó kéré tán ìgbà márùn-ún, kí ó tó kàn yín. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020 ni WhatsApp kò ti jẹ́ kí a fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ ju ibi kan ṣoṣo lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀ ó rìn. Ẹni kan ló ya fọ́tò status mi, ó gé ọ̀rọ̀ mi kúrò bí èmi náà ṣe gé ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn kúrò. Ewé tẹ̀tẹ̀ tí mo gbé e lé ló fún wọn ní ìyókù ìtàn náà. Voice note kan tẹ̀ lé e, ohùn ọkùnrin tó dúró ṣinṣin bíi ti oníròyìn rédíò. Ó ní kòkòrò náà ti wọ Nàìjíríà. Ó ní inú ẹ̀fọ́ ló ń yé sí. Ó ní tó bá ta èèyàn, ìṣẹ́jú méjì. Ó ní kí a fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí a fẹ́ràn.

Kí n má purọ́, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Inú mi tilẹ̀ dùn. Iṣẹ́ ọwọ́ mi di ìlú mọ̀ọ́ká. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ pé èmi ni, nígbà tí màmá mi pè mí.

Màmá mi ní àbúrò kan tó ń ta ẹ̀fọ́. Àǹtí wa ni gbogbo wa ń pè é. Aago mẹ́rin ìdájí ló máa ń lọ bá àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́, á ra ìdì tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre àti ewúro, á sì ti tò ó kalẹ̀ lọ́jà kí oòrùn tó yọ. Ẹ̀fọ́ kì í dúró dèèyàn. Ohun tí kò bá tà lónìí, ewé rẹ̀ á ti sùn lọ́la. Màmá mi ní ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí ọjà kò tà fún Àǹtí wa, pé àwọn oníbàárà kan máa ń dé iwájú àtẹ, wọ́n á gbé fóònù jáde, wọ́n á fi fọ́tò kan hàn án, wọ́n á kọjá. Ó ní owó tó fi ra ọjà ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti bá ààtàn lọ. Ó wá ní, "Ìwọ tí o mọ nǹkan fóònù, bá wa wò ó bóyá òótọ́ ni."

Ẹnu mi kò gbà á láti dáhùn. Mo ní mo máa pè é padà.

Mo rántí ọdún 2014, nígbà tí Ebola wọ Èkó. Ẹni kan fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún, kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n jí wa lóru, gbogbo wa tò sẹ́yìn ilé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe ìrìbọmi fún. Àwọn kan mu omi iyọ̀ yẹn débi tí ó fi gbé wọn dé ọsibítù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń bú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo máa ń rò pé èèyàn burúkú gbọ́dọ̀ ni, tó jókòó síbì kan tó ń pète. N kò rò ó rí pé ó lè jẹ́ ẹnì kan lórí tábìlì oúnjẹ wọn tó kàn ń ṣeré.

N kò rí oorun sùn lóru yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bóyá ẹlòmíràn ti ṣe irú ohun tí mo ṣe rí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pẹ́ nílẹ̀.

Ní 1702, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Charlton, fi labalábá kan ránṣẹ́ sí James Petiver, apòògùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń kó kòkòrò jọ. Ó jọ labalábá aláwọ̀ ìyeyè kan tó wọ́pọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Brimstone, àfi pé èyí ní àmì dúdú àti nǹkan búlúù bí òṣùpá lára ìyẹ́ rẹ̀. Petiver kọ̀wé nípa rẹ̀, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ó di 1763 kí Carl Linnaeus tó gbà á wọlé. Ẹ mọ Linnaeus, ará Sweden tó kọ́ ayé bí a ṣe ń fi orúkọ Látìn méjì pe gbogbo ohun alààyè. Ó fún labalábá náà ní orúkọ tirẹ̀, Papilio ecclipsis. Ní 1767 ó tún fi sínú ìwé ńlá rẹ̀. Ó di 1793 kí Johan Christian Fabricius, tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Linnaeus fúnra rẹ̀, tó wò ó dáadáa, tó sì rí i pé ọ̀dà ni. Ẹnì kan ló mú Brimstone lásán, tó fi búrọ́ọ̀ṣì kun ìyẹ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún! Ìtàn sọ pé ọ̀gá tó ń tọ́jú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní British Museum bínú débi pé ó fi ẹsẹ̀ tẹ labalábá náà fọ́. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ẹlòmíràn tún jókòó, ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, wọ́n sì wà nípamọ́ lọ́dọ̀ Linnean Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Ayédèrú ti ayédèrú.

Linnaeus yìí kan náà kì í sì í ṣe ọ̀dẹ̀. Ní 1735, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó dé Hamburg ní Jámánì, wọ́n fi ẹranko olórí méje kan hàn án tí ìlú ń fi yangàn. Ó wo ẹnu rẹ̀, ó ní egungun àgbọ̀n àti ẹsẹ̀ ẹranko kékeré ni, pé awọ ejò ni wọ́n fi bò ó. Olórí ìlú ló ni ẹranko náà, ó sì ń wá ẹni tó máa rà á. Linnaeus tètè kúrò nílùú náà kí wọ́n tó fojú rẹ̀ rí màbo. Ọkùnrin tó tú àṣírí olórí méje ni labalábá olóyè kan ṣoṣo wá fi ọ̀dà tàn.

Bẹ́ẹ̀, èèyàn tún lè ṣìnà sí òdìkejì. Nígbà tí awọ ẹranko platypus dé Lọ́ńdọ̀nù láti Ọsirélíà, George Shaw tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1799 kò kọ́kọ́ gbà. Ẹnu pẹ́pẹ́yẹ lára ẹran onírun! Ó fura pé ẹnì kan ló rán an pọ̀. Òótọ́ sì ni ẹranko náà. Nínú kòkòrò pàápàá, irú kan wà tí iwájú rẹ̀ rí bíi ti kòkòrò tó máa ń ká ọwọ́ pọ̀ bí ẹni ń gbàdúrà, tí àwọn kan nínú wọn sì wá rí bí agbọ́n látẹ̀yìn. Mantispa ni wọ́n ń pè é, ó wà ní Áfíríkà. Tí ẹ bá rí i, ẹ máa bú mi pé mo tún ti bẹ̀rẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe máa wá mọ̀? Lára Labayímí, ó rọrùn tí ẹ bá lè ka ẹsẹ̀. Kòkòrò tó jẹ́ ojúlówó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, mẹ́fà géérégé. Tèmi ní mẹ́jọ, torí pé a kò yọ tirẹ̀ kí a tó fi ti tata kún un. Àyà ni ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ kòkòrò gbogbo ti máa ń jáde. Ìyẹ́ Labayímí jáde látinú ikùn, nítorí pé gúlù kò dì í mú lókè. Ọmọ JSS kan lè mú mi. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n ti sọ fún un pé ìṣẹ́jú méjì ló kù?

Ní àárọ̀ Sátidé, mo gbé Labayímí sínú ike bọ́tà, èmi àti ọmọ náà gba ọjà lọ. Àǹtí wa jókòó sórí àpótí, ó ń fi omi wọ́n gbúre tí kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò dìde. Mo ní, "Àǹtí wa, èmi ni mo ṣe kòkòrò yẹn."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Kòkòrò wo?"

Mo ṣí ike náà. Ó fò sẹ́yìn, àpótí ṣubú, ó ké débi pé ẹlẹ́ran tó wà lọ́ọ̀ọ́kán gbé ọ̀bẹ rẹ̀ wá. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ti yí wa ká, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sún mọ́ ike. Mo ń ṣàlàyé, wọn ò gbọ́. Ọmọ yẹn ló gbà mí. Ó ti ọwọ́ bọ inú ike, ó gbé Labayímí jáde pẹ̀lú píìnì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè bíi tíṣà. "Ení, èjì, ẹ̀ta..." Nígbà tó dé ẹ̀jọ, àwọn kan ti ń sún mọ́ ọn.

Ìyá alágbà kan tó ń ta ata níwájú Àǹtí wa ló ní kí wọ́n gbé e wá. Ó ti awò ojú rẹ̀ sókè. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó wá di ìrù rẹ̀ mú, ó fi èékánná ha kútẹ́ẹ̀sì dúdú yẹn.

Ó ní, "Ata rodo mà nìyí."

Gbogbo ọjà dákẹ́.

"Igi ata rodo ni mo ní. Mo ti ń já a kí wọ́n tó bí ìyá ẹni tó bí ọ. Ìyẹn ló ń ta èèyàn pa?" Ó já a kúrò nídìí Labayímí bó ṣe máa já a lára ata, ó jù ú sílẹ̀. Ẹ̀rín bú. Ẹlẹ́ran rẹ́rìn-ín débi tó fi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Obìnrin kan ní èló ni kí òun fún ọmọ òun rà. Òmíràn ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, ó ní ẹ̀fọ́ tòun náà bà jẹ́ lọ́jọ́rú, ta ló máa san án? Mi ò ní èsì. Mo san tirẹ̀ náà.

Mo rò pé ó ti parí. Obìnrin kan tó gbé báàgì ọjà dání, tó ti dúró wo gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, tó bá wa rẹ́rìn-ín, yíjú sí Àǹtí wa. Ó ní, "Ẹ ṣeun o, mo ti gbọ́. Èyí tí bọ̀dá yìí ṣe, ayédèrú ni. Ojúlówó rẹ̀ ló ṣì wà nínú ẹ̀fọ́." Ó kọjá sí àtẹ kejì, ó ra ewédú. Ewédú! Bí ẹni pé kòkòrò tó mọ ilé tẹ̀tẹ̀ kò lè béèrè ọ̀nà ilé ewédú.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà, n kò sì tíì mọ ohun tí mo lè sọ fún obìnrin yẹn. Mo ti fi nǹkan náà hàn án. Mo ti fi ara mi hàn án. Ìyá aláta ti já ìrù rẹ̀ lójú rẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà ni Àǹtí wa ní ọjà tó bà jẹ́. Mo kà á lé e lọ́wọ́. Ó dá ẹgbẹ̀rún mẹ́ta padà fún mi, ó ní ti ọkọ̀ wa ni, ó sì di gbúre ràbàtà fún ọmọ náà. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ṣé o ò lè ya ẹja ni?" Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí ọjà rẹ̀ tó gún padà. Títí di àsìkò yìí, tí mo bá pè é, tó bá gbọ́ ohùn mi, ó máa ń kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn.

A ya fídíò lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, mo sì gbé e sí gbogbo gúrúùpù tí mo wà. Ìyá aláta hàn nínú rẹ̀ kedere, ó ń ha kútẹ́ẹ̀sì. Fọ́tò irọ́ mi lo ọjọ́ mẹ́rin péré kó tó padà wá bá mi pẹ̀lú ọfà méjì. Fídíò yẹn ti lo oṣù méjì báyìí. Ẹnikẹ́ni kò tíì fi ránṣẹ́ padà sí mi.

Labayímí wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù wa, nínú ike bọ́tà. Kò ní ìrù mọ́. Kí ọmọ náà tó padà sílé wọn, ó ní ìwé pélébé yẹn kò dáa, nítorí pé èèyàn lè gé e kúrò nínú fọ́tò. Ó ní kí n bá òun gba kútẹ́ẹ̀sì funfun. Ó jókòó síbẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, ahọ́n níta, ó kọ ọ́ sára ìyẹ́ labalábá náà fúnra rẹ̀, ọ̀tún àti òsì: GÚLÙ, GÚLÙ. Àwọ̀ ìyẹ́ náà bà jẹ́ díẹ̀. Kò rẹwà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbìyànjú tiyín, gúlù irun ojú ni o, ẹ má lo súpà gúlù. Ẹ sì dá ẹ̀mú oníẹ̀mú padà kí ó tó máa rùn. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.